Ọ̀nà Sàréè Bàbá Wa Lábẹ́ Omi

Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí bàbá wa kú. Abà wa tó wà lójú ọ̀nà ìlú Ara ni wọ́n sin wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí bàbá fọwọ́ ara wọn mọ, àwọn ẹbí sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ orí sàréè náà. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba sé odò tó ń ṣàn nísàlẹ̀ abà, wọ́n ní kí gbogbo wa kó kúrò. A kó wá sí Èjìgbò. Omi gòkè díẹ̀díẹ̀, ó bo oko, ó bo ilé, ó bo sàréè. Èmi ò mọ abà náà lójú rárá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí màmá wa bá ń ti ọjà Ara bọ̀ lórí ọ̀kadà, wọn a ní kí ọlọ́kadà dúró fún àwọn níbi tí a ti ń rí omi náà. Wọn a wò ó títí, kí wọ́n tó ní kó máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí wọn, lọ sí Àbíjàn bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa. Ọjà la rò pé ó ń tà níbẹ̀. Ìgbà tó padà dé la tó gbọ́ pé inú ọ̀sà ló ti ń jẹun. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a mòòkùn lọ sísàlẹ̀, wọn a bu yanrìn kún garawa, wọn a gbé e wá sókè sínú ọkọ̀. Kò sí ohun èlò kankan ju pé kí èèyàn dá èémí dúró. Omi ti mú kí etí rẹ̀ òsì dí kó tó wálé.

Kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tán tí màmá fi bi í bóyá èèyàn lè dé ìsàlẹ̀ omi tiwa náà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó."

Ó bá apẹja kan wọ ọkọ̀. Àwọn ọ̀pẹ tó ti kú, tí orí wọn ṣì yọ lókè omi, ló fi mọ ibi tí ilé wà. Nígbà tó padà délé, omi ṣì ń kán nínú irun rẹ̀. Ó lóṣòó síwájú màmá, ó ní, "Mo fọwọ́ kàn án. Ògiri ti wó, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ò tíì sán."

Màmá bi í bóyá ó kí bàbá. Ó ní òun ka Fátíhà nínú ọkàn, nítorí ẹnu ò ṣeé là níbẹ̀. Màmá bu sẹ́kún. N kò rí ẹkún wọn rí kó tó di ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé tí omi fà, á lọ. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Amòòkùn. Ẹnìkan a sì máa fi òwe náà kún un, pé amòòkùn jalè, bí ọba ayé ò rí ọ, ọba ọ̀run ń wò ọ́. Òun a rẹ́rìn-ín. Màmá kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ni ọmọ àwọn jí níbẹ̀?

Lọ́dún kan, lẹ́yìn tí èmi náà ti lọ́kọ, tí mo ti bímọ, wọ́n ní kí ọmọ mi obìnrin kọ àròkọ nílé ìwé nípa olùṣàwárí abẹ́ omi kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ nípa rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ rọra dá àròkọ náà padà, ó ní olùṣàwárí ni ẹni tó wá ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, tó sì fi í han ayé. Ọmọ náà sunkún wálé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nílé màmá, ọkọ mi gbè sẹ́yìn olùkọ́. Ó ní ohun tí a ti mọ ibi tó wà, kí ni a tún ń ṣàwárí níbẹ̀? Mo ní àwa mọ ibi tó wà lóòótọ́, àmọ́ ta ni nínú wa ló mọ bó ṣe wà? Ọ̀rọ̀ náà gbóná díẹ̀. Màmá ní ẹni tó bá lọ, tó sì padà wá jíṣẹ́, òun ni olùṣàwárí.

Ẹ̀gbọ́n mi yí etí ọ̀tún, èyí tó ṣì ń gbọ́, sí wa títí a fi sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, "Bàbá mi ni mò ń lọ kí. Ẹ má fún un lórúkọ mìíràn."

Òjò pọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àgbàrá kó ilẹ̀ oko wọ inú omi. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ bí ìṣe rẹ̀. Apẹja náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó mòòkùn léraléra, pé òun bẹ̀ ẹ́ kó dáwọ́ dúró, kò gbà. Nígbà tó wálé, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí etí ọ̀tún rẹ̀, ẹrẹ̀ sì kún abẹ́ èékánná rẹ̀. Mo rò pé á parọ́ fún màmá. Kò parọ́.

"Ẹrẹ̀ ti bò ó, Màmá. Mo wà á títí, n kò kàn án."

Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Wọ́n fi etí ìró wọn nu àwọn èékánná náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò yára. Wọ́n ní, "Ó tó. Ilẹ̀ ti tún un sin. Má lọ mọ́."

Wọn ò bèèrè bàbá mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Oúnjẹ wọn dín kù, ọ̀rọ̀ wọn náà dín kù. Iṣu tuntun ò tíì jáde tí wọ́n fi kú.

Ẹ̀yìnkùlé ní Èjìgbò la sin wọ́n sí, wọn ò lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò bàbá wa ló wọ inú sàréè láti gbà wọ́n. Wọ́n tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n to pákó. Àbúrò bàbá wa jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ò jáde. Ó lóṣòó síbẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sára pákó náà. Ààfáà pè é, kò dáhùn. Àwa rò pé ìbànújẹ́ ni, àṣé etí kejì náà ti lọ.

Oko ẹ̀gẹ́ ló ń dá báyìí, ní apá Másífà, níbi tó jìnnà sí omi náà. Ọwọ́ la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí àwọn tó ń ti Ara bọ̀ bá ń sọ pé omi ti fà, pé ìdí àwọn ọ̀pẹ ti ń hàn, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún un nínú wa. Àmọ́ ó ń wo koríko bó ṣe ń gbẹ, ó sì mọ̀.