Mo Ti Pa Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Dà

Ọ̀lẹ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin sọ mí dà nílé yìí, torí pé mò ń sanra, mò ń sùn lọ́sàn-án, òtútù sì ń mú mi nínú oòrùn Ìwó.

Lónìí, dókítà wo èsì ẹ̀jẹ̀ mi: "Ọ̀lẹ kọ́ ni yín, mà. Tairọ́ìdì, ẹṣẹ́ inú ọrùn yín tó ń fún ara lágbára, ló ń ṣe ọ̀lẹ. A máa wádìí ohun tó fà á."

Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mo ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí.

Mo délé, mo kúnlẹ̀ dáadáa. "Ẹ kú ilé o, Dókítà Àìkàwé."

"Ta nìyẹn?"

"Orúkọ yín tuntun ni, mà."

Gbogbo ìyàwó ilé ti gbà á lẹ́nu mi, àwọn náà ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó, ṣé kí n dá Eyínfúnjowó padà fún wọn, àbí kí wọ́n fi Àìkàwé darúgbó?