Ohun Tí Wúfà Gàníyù Sọ

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in tán báyìí kó tó kà á síwájú. Èmi kò ní ohun tí mo fẹ́ fi irọ́ gbà lọ́wọ́ yín. N kì í mutí. Ibà kò mú mi lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì rò pé òru ni o. Aago méjì ọ̀sán ni, oòrùn ń ta sórí páànù.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ orin ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Lalala, níbí ní Libreville. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fọwọ́ kan wáyà, iná sì ti gbé mi ju ìgbà tí mo lè kà lọ. Nítorí náà, tí mo bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ kan kò ní iná nínú, ẹ gbà mí gbọ́.

Ìyá Gàníyù ló ránṣẹ́ pè mí. Nàgó ni wọ́n, láti Pobè ní Benin. Wọ́n ti ń ránṣọ ní Atong Abè, ní Libreville níbí, kí wọ́n tó bí Gàníyù, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn. Gàníyù ti kú. Ó jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣubú lulẹ̀ ní ọ́fíìsì, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti sin ín. Oṣù mẹ́ta ti kọjá lórí ìyẹn nígbà tí mo dé ilé wọn.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: etí Ìyá Gàníyù ti di pátápátá. Ẹnu ènìyàn ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó mọ ohun tó ń sọ. Àwọn fúnra wọn, nítorí pé wọn kì í gbọ́ ohùn ara wọn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́.

Wọ́n mú mi wọ yàrá Gàníyù. Ẹ̀rọ orin kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tábìlì: sípíkà kéékèèké méjì tó ti bàjẹ́, àti wúfà, àpótí dúdú tó máa ń dún gìì gìì nísàlẹ̀ orin.

"Bá mi so èyí mọ́ hómù tíátà tó wà ní pálọ̀," ni wọ́n wí. Ẹ̀rọ tí Gàníyù rà sídìí tẹlifíṣọ̀n kí ohùn rẹ̀ lè kún ilé ni wọ́n ń sọ.

Mo bi wọ́n tìtìjú-tìtìjú pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

"Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá yí orin rẹ̀ sókè, ilẹ̀ á máa mì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mọ̀ pé ọmọ mi ti wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ ilé yìí ò mì mọ́."

Mo gbé wúfà náà lọ sí pálọ̀.

Iṣẹ́ náà kò le, àmọ́ ó ní ẹ̀tàn nínú. Ara sípíkà kékeré ni bọ́tìnì tó ń jí wúfà wà, sípíkà náà sì ti kú. Mo tú ẹ̀yìn àpótí, mo so wáyà méjì pọ̀ kó lè máa tàn láìsí bọ́tìnì. Mo ki ẹnu wáyà kan bọ ihò tó wà lẹ́yìn hómù tíátà, mo ki èkejì bọ wúfà. Ó ku kí n tan án. Bí mo ṣe nawọ́ sí i, iná lọ.

Kì í ṣe ilé wọn nìkan. Fáànù dúró, fíríìjì dákẹ́, rédíò aládùúgbò náà dákẹ́. Mo yọ pílọ́ọ̀gì wúfà kúrò lára ògiri, torí bí iná bá fẹ́ padà dé, agbára ló máa ń bá wá. Èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́ o. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ńlá ló ń kọjá. Mo yọjú lójú fèrèsé. Títì ṣófo. Omi inú ife tó wà lórí tábìlì ń gbọ̀n. Gìì. Gìì. Gìì. Á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Gàníyù dìde láìwọ bàtà. Ojú wọn tàn, bí ojú ọmọge.

"Ó ti dé," ni wọ́n wí.

Mo fa wáyà yọ lára hómù tíátà. Ó ń dún. Mo fà á yọ lára wúfà. Ó ń dún. Àpótí lásán ló kù nílẹ̀ yẹn, kò so mọ́ ohunkóhun láyé yìí, pílọ́ọ̀gì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń mi ilé tìtì.

Wúfà máa ń ní ihò kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde bó bá ń dún. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ síwájú ihò náà. Atẹ́gùn ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń jáde, ó ń padà wọlé, bí èémí ẹni tó ti sunkún títí tó ti rẹ̀ ẹ́.

Mo gbé etí sún mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ iṣẹ́ mi. Wúfà kì í gbé ọ̀rọ̀ ẹnu jáde, ìdún ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́. Faransé ni, bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ṣe ń sọ ọ́. Ohùn ọkùnrin, ó jìn bíi pé inú kànga ló ti ń bọ̀:

"Màmá, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n lọ. Ẹ má pè mí mọ́."

Ọwọ́ kan bà mí léjìká. Ìyá Gàníyù ni. Wọ́n tẹjú mọ́ ètè mi.

"Ó ń sọ̀rọ̀, àbí? Mo rí i lójú rẹ. Kí ló wí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí lẹ̀yin ì bá sọ? Mo wo obìnrin náà. Mo la ẹnu.

"Ó ní ẹ kú ilé o, Màmá. Ó ní òun ti dé."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbá àpótí náà mọ́ra, wọ́n bú sẹ́kún. Ìdún náà dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíkankíkan, bí ìgbà tí ènìyàn bá forí gbá ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn.

Mo bẹ̀ wọ́n kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ó ní àbùkù tí mo fẹ́ tún ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n tún gbá a mọ́ra. Mo gé wáyà iná rẹ̀ kí n tó jáde. Asán ló já sí. Ẹni tó háyà yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ògiri ń gbọ̀n tọ̀sán-tòru, pé ìyá kò ránṣọ mọ́, wọn kò jẹun, orí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Gàníyù fẹsẹ̀ ara wọn wá bá mi ní Lalala. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò kọ́kọ́ dá wọn mọ̀. Gbogbo ẹran ara wọn ti lọ.

"Kò dákẹ́ mọ́," ni wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá ń gùn. Wá bá mi gbọ́ ohun tó ń wí."

Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Òtítọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn lórí ètè mi, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo mi orí pé mò ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọ takisí lọ sílé wọn láti ìgbà náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ̀kalẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹ gbọ́ tèmi. Bí òkú bá rán yín níṣẹ́, ẹ jẹ́ ẹ bó ṣe rán yín. Ẹ má fi àánú yí i padà. Ọmọ náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ. Èmi ni mo ní ó ti dé.