Ewé Tí Mo Fún Lórúkọ Èké

Nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán tí n kò tíì ríṣẹ́, mo ń kọ́ ọmọbìnrin kan ní Yorùbá ní Ìdí-Àràbà. Dókítà ni bàbá rẹ̀. Ìlú òyìnbó ni wọ́n bí ọmọ náà sí, ó ti pé ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó mú un wálé. Ìwé tètè máa ń sú u, ni mo bá ń mú un jáde sí àgbàlá. A ó fọwọ́ pa igi máńgòrò lára, a ó tẹ̀lé èèrà dé ihò wọn. Mo ń pe orúkọ, òun náà ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí táǹkì omi, ó já ewé wínníwínní kan tí ara rẹ̀ ń dán.

"Àǹtí, kí ni èyí?"

Sùúrùlérè ni wọ́n bí mi sí, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé olùkọ́ á wá sọ pé òun ò mọ̀? Mo ní, "Ewé omi."

Kò pẹ́ sígbà náà, ìyá bàbá rẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú, ó fẹ́ lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ náà fà á lọ́wọ́ dé ìdí táǹkì. "Màmá, ewé omi!"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ ní kántankàntan yìí? Rinrin nìyẹn."

"Àǹtí ni."

Àwọn méjèèjì wò mí. Mo ní, "Rárá o, mà. Rinrin ni mo pè é fún un. Kò gbọ́ dáadáa ni."

Ọmọ náà ò jiyàn. Ó kàn ń wò mí ṣáá.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pe orúkọ igi tàbí ti ẹyẹ, á ní, "Ṣé òótọ́ ni, Àǹtí?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ fún Màmá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ewé omi."

Ó ní, "Ṣé èmi lo parọ́ mọ́ ni?"

Mo dìde lọ bá ọmọ náà. Nílé tiwa, n kò rí àgbà tó bẹ ọmọdé rí. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa mọ́ ẹ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Màmá tó ti tẹ̀lé mi ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bọ̀." Ó mú wa yí ilé ká, ó ń tọ́ka sí àwọn ewé, ó ń pe orúkọ wọn: imí eṣú, gbúre, patanmọ́. Ọmọ náà ń pè é, èmi náà ń pè é lẹ́yìn wọn, ojú ń tì mí bí àgbàlagbà tí wọ́n dá padà sí jẹ́lé-ó-sinmi.

Ó tó oṣù kan kí ọmọ náà tó tún bi mí ní nǹkan láìkọ́kọ́ wo ojú Màmá.