Ẹ̀wù Tí Péjú Ò Fọkàn Tán

Bí Ọláníyì bá ti wọ ọkọ̀ lọ sí Warri, Péjú ìyàwó rẹ̀ kì í lè jókòó pẹ́ mọ́. Á rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán, á dìde, á lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á wo títì síwá sẹ́yìn, á padà wá rán ẹsẹ̀ kejì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìkọ̀lé ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń wọn Kẹ́mi, ọ̀kan nínú àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, obìnrin náà ní, "Ìyá Joy, ẹ fara balẹ̀ o. Apá ọ̀tún yìí kan náà lẹ ti ń wọ̀n látàárọ̀." Péjú rẹ́rìn-ín, ó tún un wọ̀n.

Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló fà á. Ọmọ Ìrèlé ni Ọláníyì, àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n nílé wọn, omi tó sì tóbi jù tó mọ̀ ní kékeré kò ju èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ là kọjá lọ sóko. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló mú un lọ sí Èkó lọ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ okùn àti ẹrù ló ń ṣe lórí ọkọ̀ tó ń kó nǹkan lọ bá àwọn tó ń wa epo lórí òkun. Á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí omi, á wá sinmi nílé, á tún padà. Nílé náà, ara rẹ̀ kì í lélẹ̀. Á gbé ọkọ́, á gbé e kalẹ̀. Ó ní ilẹ̀ Ìkọ̀lé dúró gbọn-in jù, kì í jẹ́ kí òun rí oorun sùn.

Péjú ò rí òkun rí. Ohun tí ọkọ rẹ̀ bá sọ nípa rẹ̀ náà ló mọ̀, ọkọ rẹ̀ kì í sì í sọ púpọ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, àwọn méjèèjì ń jẹ iyán, Joy ọmọ wọn sì wà lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀. Péjú ṣàkíyèsí pé ọkọ òun ò tíì dárúkọ Emmanuel láti ìgbà tó ti dé. Emmanuel ni wọ́n jọ máa ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lórí ọkọ̀, kò sì sígbà tí Ọláníyì bá wálé tí kì í sọ àwàdà tí ọkùnrin náà ṣe.

"Emmanuel ńkọ́?" ó béèrè.

"Ó wà ní ọsibítù."

"Kí ló ṣe é?"

Ọláníyì wo inú ọbẹ̀. "Ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ló kó sínú ẹ̀rọ tó ń wé okùn. Ẹ̀rọ yẹn kì í dúró lójijì. Ọ̀bẹ la fi ya ẹ̀wù náà kúrò lára rẹ̀ ká tó rí i fà jáde. Apá ti kán."

"Irú ẹ̀wù wo ló wọ̀?"

"Ofaróòlù ni, bíi tèmi. Ibì kan náà la ti rà á."

Péjú ò lè jẹun mọ́. Ó fọ ọwọ́, ó wọ yàrá, ó fa ofaróòlù ọkọ rẹ̀, ẹ̀wù iṣẹ́ tó so mọ́ ṣòkòtò, jáde nínú báàgì. Ó ti fọ ẹ̀wù yìí láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kò wò ó rí bí aránṣọ ṣe ń wo aṣọ. Apá rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu àpò ìrẹsì. Kò sí bọ́tìnnì létí ọwọ́. Àpò itan ya ẹnu sílẹ̀, ohunkóhun ló lè há sí i. Aṣọ náà ń dán yànràn. Ó fa fọ́nrán díẹ̀ yọ nínú etí rẹ̀, ó ṣá ìṣáná sí i. Kò jó di eérú bí òwú ṣe ń jó. Ó yọ́, ó kán sínú àwo, ó sì gan paali.

"Bàbá Joy, ẹ wá wò ó. Bí iná bá sọ nínú ọkọ̀, ara yín ni èyí máa lẹ̀ mọ́."

"Gbogbo wa la ń wọ̀ ọ́."

"Emmanuel náà wọ̀ ọ́."

Kí ọkùnrin náà tó dìde, Péjú ti mú sísọ́ọ̀sì, ó ti gé ofaróòlù náà láti ọrùn dé ìdí.

"Péjú! Kí ni mo fẹ́ wọ̀ padà síṣẹ́?"

"Èyí tí mo bá rán."

Ó lọ sí Adó, ó ra kákí olówùú tó nípọn. Ó rán ọwọ́ tó dì mọ́ ọrùn ọwọ́, ó fi ìdérí sí gbogbo àpò, ó fi aṣọ bo síìpù, ó sì sọ orúnkún di oníṣẹ̀ẹ́po méjì. Ó gán ọ̀já tó ń dán bí iná bá tàn sí i mọ́ èjìká àti ẹ̀yìn. Ó wọ̀ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó ní kó bẹ̀rẹ̀, kó nà, kó fa okùn kànga. Ó gbé àkàbà ti ògiri, ó ní kó gùn ún lọ sórí páànù. Aṣọ náà há a lábíyá. Péjú tú u, ó tún un rán.

"Ẹ tún gòkè."

"Àwọn ará àdúgbò ń wò wá."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Ẹ tún gòkè."

Ìgbà tó gùn ún lẹ́ẹ̀kẹta, tí kò sí ibi tí aṣọ náà ti há tàbí tó ti tú, Péjú gbà. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wàyí. Kò balẹ̀. Ofaróòlù kì í ṣe gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń wọ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn tó kù. Bàtà Ọláníyì ti jẹ nídìí. Akoto rẹ̀ ti sán. Ẹ̀wù ìléfòó rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní laifu jákẹ́ẹ̀tì, ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó ni ọkọ̀ ní àwọn máa fún wọn ní tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti di àgbọ́tì.

Bí wọ́n ṣe jọ lọ sí Èkó nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá Ọláníyì júwe ṣọ́ọ̀bù Àkàndé, tó ń ta ohun èlò iṣẹ́ orí omi, fún wọn, lẹ́bàá èbúté. Ìró mọ́tò ńlá ń mi ilẹ̀ níbẹ̀, Péjú sì ń yí ọrùn kiri bí ẹyẹ. Ọláníyì na ọwọ́ mú bàtà tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ó ní ó tó. Péjú ní kó kọ́kọ́ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ó sì bẹ Àkàndé kó da omi ọṣẹ sí táìlì ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bàtà àkọ́kọ́ yọ̀, Ọláníyì fọwọ́ di tábìlì mú. Èkejì kò yọ̀. Ọláníyì fẹ́ràn ìbọ̀wọ́ aláwọ kan. Péjú gbé okùn fún un, ó ní kó ta á ní kókó. Kò rí i ta. Wọ́n mú èyí tó fẹ́lẹ́, tó ní rọ́bà ní àtẹ́lẹwọ́.

Nígbà tí Péjú mú ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ọkọ rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Èyí ò dáa. Ọkọ̀ máa ń mì, èèyàn á fi gún ara rẹ̀ tàbí ẹnìkejì. Eléyìí tí ẹnu rẹ̀ kò ṣóńṣó la máa ń lò. A ó sì so ó mọ́ ìbàdí, kó má baà bọ́ lu ẹni tó wà nísàlẹ̀." Péjú gbọ́, ó fi ti ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀wù ìléfòó ló kù. Àkàndé gbé aláwọ̀ ọsàn kan wá. "Mọ̀mí, ẹ wo òǹtẹ̀ rẹ̀. Ojúlówó ni." Péjú fún un lọ́wọ́. Ó rọ̀. Ó tún un fún. Kò mọ ohun tó yẹ kó máa wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Òòrùn ti mú, ó ti rẹ Ọláníyì. "Ó tó, Péjú. A ti dúró pẹ́ jù." Wọ́n rà á.

Láti ìgbà tí wọ́n ti padà dé Ìkọ̀lé, Péjú ò lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù náà kọjá láì fọwọ́ kàn án. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dán an wò nínú omi."

"Omi wo ló wà ní Ìkọ̀lé?"

"Omi Ẹ̀rọ̀ tí wọ́n sé wà ní Ìkùn."

Inú bí Ọláníyì. "Èmi tí mò ń gbé orí òkun, kí n lọ máa ṣeré nínú odò? Ṣé o fẹ́ sọ mí di ẹni ẹ̀sín ni?" Ó gbé ọkọ́, ó bá oko lọ. Péjú jókòó ti máṣìnnì, kò rán nǹkan kan. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, amọ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Gbé ẹ̀wù yẹn," ó ní. "Ká lọ parí ẹ̀."

Wọ́n wọ taksí dé Ìdó, wọ́n wọ òmíràn dé Ìkùn. Létí omi, wọ́n bá apẹja àgbàlagbà kan, Bàbá Ọládèjì, tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Péjú kúnlẹ̀ kí i, ó ṣàlàyé.

"Ìyàwó, ṣé ọkọ rẹ ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni?"

"Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀, sà."

"Kí wá lo ń bẹ̀rù?"

"Ẹ̀wù náà ni mi ò mọ̀, sà."

Bàbá wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ọláníyì so okùn mọ́ ìbàdí kó tó wọ ọkọ̀ òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ò ní í wà á lọ síbi kankan. Ọláníyì wọ ofaróòlù, ó de ẹ̀wù ìléfòó lé e, ó wọ bàtà, nítorí Péjú ní kò sẹ́ni tó máa bọ́ bàtà kó tó ṣubú sómi. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó jìn, ó fò sínú omi.

Ó rì, ó yọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti rí i báyìí?"

Ó kọ́kọ́ léfòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀wù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó bò ó ní àgbọ̀n, ó bò ó létí. Ó fẹ́ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, okùn àyà rẹ̀ já. Ó fẹ́ wẹ̀, ẹ̀wù náà dí i lápá, bàtà ń fà á nísàlẹ̀. Omi wọ ẹnu rẹ̀. Péjú rí ojú ọkọ rẹ̀, ojú tí kò rí rí, lẹ́yìn náà kò rí nǹkan kan mọ́ àyàfi àwọ̀ ọsàn tó ń ṣókùnkùn lọ lábẹ́ omi.

Kí Bàbá tó sọ̀rọ̀, Péjú ti ń fa okùn. Okùn bó o lọ́wọ́, kò mọ̀. Bàbá ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó bá a fà á, wọ́n sì gbé Ọláníyì wọ inú ọkọ̀ bí ẹja ńlá. Ó wú ikọ́ títí omi fi jáde nímú rẹ̀. Bàbá mú ọ̀bẹ, ó la ẹ̀wù náà. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ó ti mu omi yó. Bàbá fún un, omi tú yàà.

Wọ́n wọ taksí, wọ́n forí lé ilé. Ó di ìgbà tí wọ́n kọjá Ìdó kí Ọláníyì tó ní, "Àwọn tó kù."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó wà lórí ọkọ̀ báyìí. Irú èyí lè wà lọ́rùn wọn." Ó wá nọ́ńbà Bọ́ládé, ọ̀gá ọkọ̀ wọn, ó pè é, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bọ́ládé kò bá a jiyàn. Ó ní kí àwọn èèyàn òun so òkúta mọ́ ẹ̀wù ìléfòó wọn, kí wọ́n jù wọ́n sómi ní èbúté. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀wù náà ti rì. Àwọn tó ni ọkọ̀ bínú, wọ́n ní iṣẹ́ ń dúró. Bọ́ládé ní ọkọ̀ náà á dúró títí tuntun á fi dé. Wọ́n fà á títí, wọ́n sì ra tuntun wá.

Péjú àti Ọláníyì gbé ẹ̀wù tí Bàbá là náà padà lọ bá Àkàndé. Ọkùnrin náà wò ó, ó jókòó sílẹ̀ gbì. Lẹ́yìn náà ó pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, ó sì ń ri ìyókù ọjà rẹ̀ bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo èèyàn. Kò ta èyí tó mu omi mọ́.

Àwọn ará ọkọ̀ ní kí Péjú máa rán ofaróòlù fún àwọn náà. Ó lọ sí Warri lọ wọ̀n wọ́n. Emmanuel wá pẹ̀lú apá tó ti jinná ṣùgbọ́n tí kò nà tán, Péjú sì wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Péjú rò pé bí òun bá rí omi tí ọkọ òun ń bá lọ, ara òun á lélẹ̀. Ńṣe ló ń bi Bọ́ládé léèrè: bí èèyàn bá ṣubú, ta ló ń kọ́kọ́ rí i? Báwo ni ọkọ̀ ṣe ń yí padà? Bọ́ládé dáhùn, ó tún dáhùn, títí ó fi ní, "Madam, ẹ jẹ́ kí n lọ wa ọkọ̀."

Péjú ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Ìkọ̀lé, ìdì aṣọ lórí itan rẹ̀, nígbà tí fóònù dún.

"A ti ń jáde lọ," Ọláníyì wí. Atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa lọ láìpẹ́."

"Ṣé ẹ ti de ẹ̀wù yẹn?"

"Mo ti dè é."

"Okùn tó gba abẹ́ itan ńkọ́? Èyí tí kì í jẹ́ kó gòkè?"

Péjú fi fóònù mọ́ etí, ó ń gbọ́ atẹ́gùn.

"Dúró," Ọláníyì ní. "Mò ń dè é."