Hàmídù Alágbẹ̀dẹ àti Òjé Inú Pẹ́ńsùlù

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní, ọdún 1955: kíláàsì kìíní ilé ìwé kan ní Ìlobù ní ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta àti pẹ́ńsùlù mọ́kànlá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, pẹ́ńsùlù ku mẹ́wàá. Hàmídù alágbẹ̀dẹ ti jẹ ọ̀kan.

Tíṣà Ọlábánjí ló kọ́ àwọn ọmọ pé òjé ló wà nínú pẹ́ńsùlù, pé ẹni tó bá fi sẹ́nu yóò kú. Rísíkátù, ọmọ Hàmídù, dìde, ó ní bàbá òun sọ pé kì í ṣe òjé. Tíṣà nà án lẹ́gba mẹ́fà, ó sì pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo kíláàsì.

Nígbà tí Hàmídù gbọ́, ó dé ilé ìwé. Ó kí tíṣà dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ilé, kó tó sọ pé òjé lòun ń yọ́ láti fi rọ ọta fún àwọn ọdẹ.

"Òjé a máa yọ́, Tíṣà. Mo ki ti inú pẹ́ńsùlù sínú iná, mo fi ẹwìrì fín in títí apá fi ń ro mí, kò yọ́. Ọmọ ìyá èédú ni."

"Bàbá, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwé ọ̀hún, ṣé ó ti dé ìdí ẹwìrì rí?"

Ló bá la pẹ́ńsùlù kan, ó run inú rẹ̀ lẹ́nu, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun.

Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ará àdúgbò fi ń wá wò ó bóyá ó ti kú. Ó ń jẹun, ó ń lu irin. Ní ọjọ́ kẹrin, Jàlálù tó máa ń gbẹ́ sàréè wá béèrè bóyá kóun máa lọ sóko.

Hàmídù ló jàre. Gírafáìtì ló wà nínú pẹ́ńsùlù, ohun kan náà tí èédú jẹ́. Ó tò ní ìpele pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí kò di ara wọn mú dáadáa. Bí a bá fi kọ̀wé, àwọn ìpele náà á máa ṣí sára ìwé. Amọ̀ ni wọ́n pò mọ́ ọn, wọ́n sì sun ún kó le.

Hàmídù ní Rísíkátù kò ní padà sí kíláàsì àfi bí tíṣà bá sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì náà pé ọmọ òun kò purọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pẹ́ńsùlù fún un nílé. Ó lọ igi dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, tí òun náà jẹ́ gírafáìtì, ó fi amọ̀ Ìfọ́n, ìlú ìtòsí, pò ó. Àwọn àgbà Ìlobù bínú: ṣé kò mọ̀ pé àwọn àti Ìfọ́n ń jà lórí ilẹ̀ ni? Ó ní yanrìn inú amọ̀ Ìlobù ń fa ìwé ya, kí wọ́n lọ bá ilẹ̀ wọn sọ ọ́. Pẹ́ńsùlù àkọ́kọ́ tóbi débi pé ọwọ́ méjèèjì ni Rísíkátù fi ń dì í mú.

Ṣùgbọ́n Hàmídù kò mọ ìwé. Ó lè fún ọmọ ní pẹ́ńsùlù. Kò ní lẹ́tà kan tó lè fún un. Ọdún mẹ́ta ni tíṣà fi ń kọjá níwájú àgbẹ̀dẹ lójoojúmọ́ láìsọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta ni Hàmídù fi di ọmọ mú sílé. Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi.

Ní 1958, òtútù àyà pa Hàmídù. Àwọn kan ṣì ń wí pé pẹ́ńsùlù ni, pé ó kàn pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́.

Tíṣà wá kí ìdílé rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ. Ó ní olóòótọ́ ni Hàmídù. Rísíkátù kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè sọ ọ́ ní kíláàsì?"

Tíṣà ní àwọn ọmọ ìgbà yẹn ti dé kíláàsì kẹrin. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin kíláàsì kẹrin àti tirẹ̀.

Rísíkátù ń bá ìyá rẹ̀ ta iyọ̀ ní Ìfọ́n báyìí. Àwòrán tó fi pẹ́ńsùlù bàbá rẹ̀ yà sára ògiri àgbẹ̀dẹ ṣì wà níbẹ̀: bàbá rẹ̀ jókòó ti iná, ó ń rẹ́rìn-ín. Gírafáìtì kì í ṣá.

Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ ń ka èyí, ẹ pe ọmọ tí ẹ nà láìjẹ̀bi síwájú kíláàsì lọ́la. Ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe. Ẹ má dúró di ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá kú.