Àmín Tó Pẹ́ Dé

Bí ẹ̀pà tó ń bú nínú iyanrìn gbígbóná ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe ń dún létí mi títí di òní. Nígbà náà, mò ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan l'Ógbómọ̀ṣọ́. Kíláàsì kejì girama ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ojú sì máa ń tì mí débi pé bí oníbàárà bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, n óò ti kúnlẹ̀ kí n tó rántí pé èsì ló ń retí. Ìdí ẹ̀rọ nìkan ni mo ti ń rò pé mo gbọ́n.

Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi ní. Ó fi ọgbọ́n pín inú rẹ̀ sí mẹ́rin, bí ẹni fi pákó pín yàrá, tí oníbàárà mẹ́rin fi lè jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kálukú á sì rò pé òun nìkan ló ni odindi kọ̀ǹpútà. Ọgbọ́n náà dára fún ìwé títẹ̀. Ohùn ló máa ń bá a jà, nítorí inú kọ̀ǹpútà tó wà nínú òmíràn ni ohùn ti gbọ́dọ̀ jáde kó tó dé etí ènìyàn. Ibì kan wà lórí ẹ̀rọ tí a ti ń yí bí ohùn ṣe ń jáde. Bí a bá ní kí ẹ̀rọ máa fi agolo kékeré bu ohùn wá, ohùn á yá, ṣùgbọ́n agolo á máa gbẹ lójú ọ̀nà, ohùn á sì máa já. Bí a bá ní kó fi garawa pọn ọ́n, ohùn á mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dúró kí garawa kún kò lè tètè dé.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìlú òyìnbó. Ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá mi, tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ ní ọjà Akẹ̀sán, ní òun gbọ́dọ̀ gbàdúrà fún un kí wọ́n tó gbé e wọlé, kí òun sì fi etí ara òun gbọ́ àmín rẹ̀. Ó máa ń sọ pé àdúrà tí kò ní àmín, bí ẹrù tí kò rí ẹni bá ni sọ̀ ọ́ ló rí. Fóònù tirẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lásán ni. Tèmi sì ti dití. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ mọ́tò láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá bá mi, sùtánà funfun rẹ̀ wà nínú báàgì. Ọ̀gá mi ti lọ sí oko rẹ̀ ní Ìrẹsà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé. Mo sọ fún ìyá mi pé kó fọkàn balẹ̀, èmi wà ńbẹ̀. Ẹ gbọ́ ẹnu mi!

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí kọ̀ǹpútà náà, garawa ni mo sì yàn, kí ìyá mi lè gbọ́ ọ dáadáa. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi mọ́ bí ẹni pé yàrá kejì ló wà. Ìyá mi wọ sùtánà, ó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀.

"Wàá wọlé, wàá sì jáde, ní orúkọ Jésù."

Kẹ́kẹ́ pa. Ó dúró díẹ̀, ó tẹ̀síwájú.

"Ẹni tó bá ní o kò ní fẹsẹ̀ ara rẹ rìn jáde níbẹ̀—"

"Àmín!" ni ẹ̀gbọ́n mi ké, tagbára-tagbára.

Ìyá mi káwọ́ lérí. "Kí lo ṣe àmín sí? Gbà á padà! Gbà á padà kíá!"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Àdúrà yín náà ni, Màámi. Àbí èyí tí ẹ fi ń wá ìyàwó fún mi ni mo fò?"

Ìyá mi kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣe nǹkan sí i! Ṣebí iṣẹ́ rẹ nìyí?"

Mo mọ̀ pé àmín àdúrà àkọ́kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo bá yí i sí agolo. Àmín wá ń bọ́ sásìkò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè búra pé àmín ni. "Ta ló ń yan ẹ̀pà sí mi létí?" ni ìyá mi ń pariwo. Mo gbìyànjú àárín. Àárín kó àbùkù méjèèjì pọ̀. Àwọn àgbà ní òfo ni ti ẹni tó lé eku méjì. Èmi kò tilẹ̀ lé wọn, àwọn ni wọ́n dúró níwájú mi. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, kò ṣàwàdà mọ́. Ohun tí a rí gbọ́ kò ju "Màámi… ẹ má… ilé… ẹ bá mi…" lọ. Mo sáré yí i padà sí garawa, kí a lè gbọ́ ìyókù. Nígbà tí ohùn fi máa mọ́, nọ́ọ̀sì kan ni, ó ń fi èdè òyìnbó sọ pé àkókò ti tó.

"Kí ló ní kí n bá òun ṣe?" ni ìyá mi bi mí.



Ẹ̀gbọ́n mi kò jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà.

Nígbà tí ọ̀gá mi ti oko dé, ó ní, "Kò sí bó o ṣe fẹ́ yí i tí wàá rí méjèèjì gbà lórí ẹ̀rọ yìí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ṣì ń wá a." Ó fẹ́ tù mí nínú ni. Àgbà ìjọ wa náà sọ fún ìyá mi pé Ọlọ́run kì í fi etí kọ̀ǹpútà gbọ́ àdúrà. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òótọ́ ni.

Mo ti padà sí Ọ̀yọ́ báyìí, mò ń bá a ta òwú. Bí wọ́n bá tún gbé ẹ̀rọ náà fún mi lónìí, n kò mọ ibi tí n óò dá a dúró sí: kí n gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi kedere nígbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá, tàbí kí n gbọ́ ọ lásìkò, ní wẹ́wẹ́. Láràárọ̀, bí a bá kúnlẹ̀, ìyá mi kì í dúró de àmín ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá ti gbàdúrà kan tán, òun fúnra rẹ̀ á ṣe àmín rẹ̀, kíákíá, kí èmi tó la ẹnu.