Bí Mo Ṣe Kó Kíláàsì Kẹrin Lọ Wo Òkun Láti Àrẹ̀mọ

Iwájú orí àbúrò ìyá mi ló kún ògiri kíláàsì nígbà tí dátà mi tán. Ọmọ mẹ́rìndínlógójì wà lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀gá ilé-ìwé wa dúró sẹ́yìn wọn, kò sì sẹ́ni tó tíì rí òkun.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa wàhálà. Nígbà tí àwọn òbí ní àwọn ò lè san owó bọ́ọ̀sì mọ́, mo sọ fún ọ̀gá pé màá máa fi ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri kó àwọn ọmọ rìnrìn àjò. Ẹni tó wà níbi tí à ń lọ á gbé fóònù rìn, àwa náà á jókòó sí Àrẹ̀mọ, a ó máa bá a lọ. Mo fọ́nnu káàkiri. Mo kọ ètò ojú ìwé méje, mo kọ ìbéèrè tí a ó bi apẹja, mo tilẹ̀ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Ìkíni nìkan ni mi ò kọ síbẹ̀. Èmi, ọmọ Ìbàdàn, mo gbàgbé pé àgbàlagbà kì í rí ọmọ kó má bi í pé ta ló bí i.

Bọ̀dá Làmídì, àbúrò ìyá mi yìí, ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì fún ogójì ọdún. Kò wálé mọ́ láti ìgbà tí òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti jà lórí ilé bàbá wọn, tí ìyá mi ń gbé báyìí. Bó ṣe gbọ́ "Ẹ káàárọ̀, sà" lẹ́nu àwọn ọmọ, ara ẹ̀ yá gágá.

"Ìwọ tó o wọ híjáàbù yẹn, ọmọ ilé ta ni ẹ́?"

"Ilé Aláró, sà. Àmínátù lorúkọ mi."

"Áà! Ìyá àgbà ẹ ló gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi lọ́jọ́ tí mo fọ́ ìkòkò omi!"

Ó kí i, ó fi oríkì kún un, ó bọ́ sórí ẹnìkejì. Orí ọmọ kọkànlá ló wà tí ògiri fi ṣókùnkùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá gba àròkọ àwọn ọmọ, ó ka ọ̀kan sí mi létí: "Òkun ní irùngbọ̀n funfun. Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu ẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín.

"Àńtí Ràṣídà, mo fún yín di Ọjọ́bọ̀. Bí wọn ò bá rí omi, ẹ̀rọ yìí ń padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó parí."

Ojú tì mí. Mo pe Bọ̀dá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má kí ẹnikẹ́ni."

"Kí n máa wo ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń wo ewúrẹ́? Ràṣídà, ṣé ohun tí ìwé kọ́ ẹ nìyẹn?"

Mo kúnlẹ̀. Kì í ṣe fídíò o, ohùn lásán ni, síbẹ̀ mo kúnlẹ̀. A wá fẹnu kò sí "Ẹ káàárọ̀" kan ṣoṣo fún gbogbo kíláàsì.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ìyá àgbà Àmínátù fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé. Ọmọ ti lọ ròyìn nílé. Ta ló máa lé e? Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló gbé àga fún un. Bọ̀dá yọ lára ògiri, kò tíì la ẹnu tí màmá fi sọ̀rọ̀.

"Làmídì, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ jà ti kú tán. Ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé?"

Kí n má purọ́, inú bí mi. Mo wo aago, mo wo ọ̀gá, mo ní màmá yìí ti bà á jẹ́ fún mi. Bọ̀dá kàn yí fóònù padà kí a má baà rí ojú òun, bẹ́ẹ̀ ni òkun gba gbogbo ògiri.

Àwọn ọmọ pariwo débi pé kíláàsì kẹta sá wá wò wá. Ọ̀gá ń pàtẹ́wọ́, ó ní ẹ̀rọ ò lọ síbì kankan mọ́. Mi ò rántí ìbéèrè apẹja kankan.

Màmá ò tilẹ̀ wo omi náà pẹ́. "Mo ti rí i, ó pọ̀," ló wí. "Làmídì, mo ṣì ń bi ẹ́."

Omi nìkan là ń rí, àmọ́ a gbọ́ ohùn ẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ fún ìyá Ràṣídà, mà, kí wọ́n bá mi gbá yàrá mi."